Ọkọ̀ Tí Kò Lóhùn

Nígbà tí a ta ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, bàbá ọkọ mi kò bá wa sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.
Eilif ni, tó fi ogójì ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ apẹja ṣe ní erékùṣù Senja,
tí etí òsì rẹ̀ ti kú sẹ́nu iṣẹ́,
tó ń fi ọ̀tún nìkan gbọ́ ibi tí irin ti ń ṣàìsàn.
"Ohun tí kò bá hó, kò sí láàyè," ló wí,
ó sì pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ tuntun náà dé bí ẹni ń dé pósí.

Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ní yóò rin irínwó kìlómítà.
Ìwé náà kò tíì rí oṣù Jánúárì wa.
Ní Jánúárì, òtútù ni àgbà tó ń kọ́kọ́ bu ọbẹ̀:
a kúrò nílé pẹ̀lú ìdá ọgọ́rin,
kí a tó gun afárá Gisund, ó ti di mọ́kànléláàádọ́rin.
Mo ti fi ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ irun yọ́ yìnyín lẹ́nu ihò iná rẹ̀,
tèmi ti aṣọ àwọ̀sùn, tí Oddvar aládùúgbò ń wò mí lójú fèrèsé.
Wáyà náà le gbagidi bí ejò tó kú sínú òtútù.
Ẹ bi mí bóyá mo kábàámọ̀.
Lọ́jọ́ yẹn, mo kábàámọ̀.

Ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ a ti móoru kí n tó mu kọfí tán.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ni ti ìdákẹ́jẹ́.
Nínú ọkọ̀ àtijọ́, èmi àti Sigve lè jà níwájú,
ariwo ẹ́ńjìnnì a sì bo àṣírí wa.
Nísinsìnyí, Tiril ọmọ ọdún mẹ́fà bèèrè láti ẹ̀yìn:
"Màmá, kí ló dé tí o mí kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀?"
Mi ò rí èsì fún un títí a fi dé ilé ìwé.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Fẹ́búárì, òkè tú ẹrù yìnyín rẹ̀ sójú ọ̀nà,
níwájú ihò abẹ́ òkè gan-an.
Ọlọ́pàá ní kí oníkálukú dúró síbi tó wà.
Ìdá mọ́kànlélógójì.
Eilif ń kùn láàárín àwọn ọmọ méjèèjì.
Ní aago kan, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́ja kan kan gíláàsì wa,
epo rẹ̀ ti dì, irùngbọ̀n rẹ̀ náà ti dì.
Vaidotas, ará Lithuania. Tiril bọ́ sórí itan mi, a sún fún un.
Mẹ́tàdínlógójì. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Mo ń ka iye náà bí ahun ṣe ń ka owó.

Nígbà tó di aago mẹ́ta, Eilif ní, "Ẹ dákẹ́."
A ti dákẹ́ tẹ́lẹ̀.
Ó tẹ orí, ó gbé etí ọ̀tún lé àyà Jørn, àbíkẹ́yìn wa, tó ń sùn.
"Afẹ́fẹ́ ò kọjá dáadáa níbí," ló wí,
bí ẹni dúró ti ẹ́ńjìnnì ní èbúté.
Ikọ́ fée ọmọ náà ti ń bọ̀, tín-ín-rín bí súfèé eku,
èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì kò sì gbọ́ nǹkan kan.
A fún un ní oògùn afẹ́fẹ́ tó ń fà sẹ́nu.
Sigve di ọwọ́ mi mú. Kò sọ̀rọ̀, nítorí gbogbo ọkọ̀ ni ì bá gbọ́.

Mẹ́tàlélógún ló kù nígbà tí wọ́n la ọ̀nà.
Ní Finnsnes, ẹ̀rọ méjì nínú mẹ́rin ti bàjẹ́, a tò sẹ́yìn ẹni mẹ́ta.
Eilif sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ gbá bónẹ́ẹ̀tì jẹ́jẹ́,
bónẹ́ẹ̀tì tí kò sí ẹ́ńjìnnì lábẹ́ rẹ̀.
"Síbẹ̀," ló wí, "ó yẹ kó máa hó díẹ̀."